Ẹni Tí Ó Gba Epo Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Olè Nínú Àwọn Ìwé Ìtàn Wa

Kò sí ibi tí àwọn àgbà ti lè pàdé lóde òní, ìbáà ṣe ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe ní ìpàdé àwọn olùkọ́, tí a kì í gbọ́ ẹ̀dùn mẹ́ta yìí: pé àwọn tí a fi ṣe olórí ń kó owó ìlú jẹ, pé olè àti gbájúẹ̀ kò jẹ́ kí ará ìlú ńlá fi ọkàn balẹ̀ sùn, àti pé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ti wó lulẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí kò lè kọ lẹ́tà kan kí ó gún. Àwa pẹ̀lú ń dá sí ẹ̀dùn yìí, a kò sì sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dùn bá ti di orin tí tọmọdé tàgbà ń kọ, ó yẹ kí a dúró díẹ̀, kí a bèèrè bí àwọn tí ń kọ ọ́ bá mọ ẹni tí orin náà ń bá wí.

Àwọn ojú ìwé wọ̀nyí kì í ṣe ilé ẹjọ́, a kò sì pè wá láti wá dá àwọn olóṣèlú lẹ́bi. Iṣẹ́ tiwa ni láti yẹ ìwé wò. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ wádìí ni èyí: báwo ni àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ti ṣe fi olè hàn wá láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Ta ni wọ́n ní kí a mú, ta sì ni wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ? Àwọn baba wa ti fún wa ní òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó gun àjà ni gbogbo ènìyàn ń rí, nítorí òkè ni ó wà. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ tí ó na ọwọ́ gba epo, òun ni kì í jẹ́ kí a rí òun. Bí ó bá sì di pé ariwo ta, òun náà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ gbá a mú!"

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn díẹ̀ nínú àwọn ìwé tí a mọ̀.

Èkíní ni ìwé Ṣẹ̀gilọlá. Láàrin ọdún 1929 àti 1930 ni I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, tí ó dà bí ẹni pé obìnrin kan tí ó ti fi ayé rẹ̀ ṣòfò ní Èkó ni ó ń kọ wọ́n láti orí ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni obìnrin náà wà, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Agbára ìwé náà pọ̀, èdè rẹ̀ sì dùn, kò sì sí àní-àní pé ó kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n, a ó rí i pé gbogbo ẹrù ìlú Èkó ni a dì lé orí obìnrin kan ṣoṣo. Òun ni ó jẹ̀bi, òun ni ó ń ṣàìsàn, òun ni ó ń sunkún. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ná owó, àwọn ọlọ́lá tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ fún un, a rí wọn gbà kọjá, ṣùgbọ́n ìjìyà kò dúró lọ́dọ̀ wọn bí ó ti dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó gun àjà ṣubú; àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ nu ọwọ́ wọn, wọ́n sì lọ sí ilé.

Èkejì ni Ogbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ jáde ní 1938. Gbogbo ẹni tí ó bá jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ni ó yẹ kí ó fi èyí yangàn, nítorí olùkọ́ bí tiwa ni ọkùnrin náà nígbà tí ó kọ ọ́. Nínú ìwé yìí, inú igbó ni ibi ń gbé, ó sì ní àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Agbákò ní ojú mẹ́rìndínlógún. Kò sí ọmọ kékeré tí yóò rí i tí kò ní sá. Fágúnwà tún ṣe ohun kan tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò: lẹ́yìn gbogbo ìjà, ó mú àwọn ọdẹ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tí ó fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ sì wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Èyí fi hàn pé òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé idà nìkan kò tó, àti pé ẹni tí ó ti ṣẹ́gun iwin gbọ́dọ̀ tún jókòó bí ọmọ ilé-ìwé. Síbẹ̀, ìṣòro kan wà fún àwa tí ń gbé lóde òní. Ibi tí ń dààmú wa kò ní ojú mẹ́rìndínlógún. Ojú méjì ni ó ní bíi tiwa, agbádá rẹ̀ funfun, ó sì ń jókòó ní ìjókòó iwájú.

Ní 1969 ni ìyípadà ńlá dé. Ní ọdún náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde; ó sì tún tẹ Àgbàlagbà Akàn jáde ní 1971. Ó kó ibi kúrò nínú igbó, ó mú un wá sí Ìbàdàn àti sí ojú títì. Kò sí iwin níbẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ènìyàn tí ń wa mọ́tò, tí ń pa irọ́, tí ń fi ọmọlàkejì rẹ̀ ṣe ọjà. Lápàdé, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, jẹ́ ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tàfá Ìgìrìpá ni igbákejì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èdè Yorùbá ti lè sáré tó, kí ó ka ìwé méjèèjì yìí. Òwe ń bọ́ lẹ́nu Lápàdé bí àgbàdo ti ń bọ́ láti inú agbọ̀n tí ó ya. Àwàdà ń tẹ̀lé ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù ń tẹ̀lé àwàdà, òǹkàwé kò sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí inú wa dùn sí Lápàdé tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì. Inú wa dùn sí i nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn tí ìlú ń san owó fún kò ṣe tó. Kò dúró de ìwé àṣẹ; kì í tẹ̀lé gbogbo òfin; bí ó bá gba pé kí ó fi ẹ̀tàn mú ẹlẹ́tàn, yóò fi í mú un; bí ó bá gba ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ yóò sọ̀rọ̀. Ní ìdí èyí, ẹ̀rín tí ìwé náà ń pa wá jẹ́ ẹ̀rín àwọn ènìyàn tí wọ́n ti sọ ìrètí nù nípa òfin. Ìlú tí ó bá ń retí Lápàdé ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé àgọ́ ọlọ́pàá ti ṣófo. A kò fi èyí dá òǹkọ̀wé lẹ́bi, nítorí ohun tí ó rí ni ó kọ. Àwa òǹkàwé ni a ń kìlọ̀ fún, kí a má ṣe rò pé ọkùnrin alágbára kan ni yóò tún ohun tí gbogbo ìlú bàjẹ́ ṣe.

Kọ́lá Akínlàdé gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àwọn ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, Akin Olúṣínà ni ó ń wádìí ọ̀ràn, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. A máa bèèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, a máa fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan wé ti ẹnìkejì, títí òtítọ́ yóò fi yọ bí oyè tí ń là. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan kò fẹ́ràn rẹ̀ tó Lápàdé, nítorí ó rọra ń lọ. Àwa rò pé nítorí ìrọra-lọ yìí gan-an ni ó fi yẹ kí a fi í kọ́ wọn. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò kí ó tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́, oníjìbìtì kò lè rí i mú bọ̀rọ̀, olóṣèlú kò sì lè fi ìyẹ̀fun àti ìrẹsì ra ìbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ojú kúrò nínú ìwé díẹ̀, kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní àkókò kan náà. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970. Ìbọn pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ kò tó, ìdigunjalè sì bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún náà ni ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fi ohun ìjà jalè yóò kú. Ní 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní etí òkun Bar Beach ní Èkó. Ìsọ̀lá Oyènúsì, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn, wà lára àwọn tí a pa ní ọdún náà. Èrò púpọ̀ lọ wòran, àwọn òbí tilẹ̀ gbé ọmọ lọ. Àwọn kan sọ pé láti ọjọ́ náà lọ olè yóò tán. Kò tán.

Ìdí rẹ̀ tí kò fi tán hàn kedere ní ìlú Benin ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà. Ní 1986, ẹgbẹ́ Lawrence Anini dá ìlú náà rú tó bẹ́ẹ̀ tí olórí ìjọba fi ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá. Nígbà tí a mú wọn, tí ìwádìí sì kúnlẹ̀, a rí i pé ọlọ́pàá kan tí ipò rẹ̀ ga, George Iyamu, ni ó ń ran àwọn olè náà lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ dá òun náà lẹ́bi, a sì pa á pẹ̀lú wọn ní 1987. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó gba epo sílẹ̀ nìyẹn! Gbogbo ìlú ń wo òkè àjà, nígbà tí ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ ilé ń na ọwọ́ nísàlẹ̀. Ní 2005 ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà pátápátá fún gbogbo ọlọ́pàá Nàìjíríà, Táfà Balógun, jẹ́bi ẹ̀sùn owó ìlú ní ilé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì fún un. Ẹ fi oṣù mẹ́fà yìí wé ìbọn etí òkun. Ẹni tí ó gun àjà kú. Ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fi oṣù mẹ́fà sinmi. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá wo èyí, tí wọ́n sì pinnu pé ìsàlẹ̀ àjà ni àwọn yóò dúró sí, ta ni yóò ní kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn?

Nísinsìnyí, a lè padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé, kí a sì mọ iyì àwọn tí ó bojú wo ìsàlẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe é nínú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání sọ di sinimá ní 1999. Ní ìlú Jogbo, Lápité gorí oyè, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti gba májẹ̀mú tí ó de ọba mọ́ ìlú. Lẹ́yìn èyí, òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń jẹ nínú owó àwọn tí ń gé gẹdú inú igbó ìlú. Ohun tí ó dára nínú eré yìí ni pé a kò rí olè kan ṣoṣo: a rí tábìlì kan tí ọba àti ìjòyè yí ká, olúkúlùkù sì ní ọwọ́ nínú àwo. Nígbà tí ológun kan, Lágàta, sì wá gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, òun náà jókòó sí ìdí tábìlì kan náà. Ẹni tí ó bá rántí ìtàn Nàìjíríà láti 1966 mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ láìjẹ́ pé ó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àbùkù tí a rí níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ìlù àti ìbúra ni ó gba ìlú Jogbo là. Ṣùgbọ́n àwọn olórí wa lónìí náà ń búra. Wọ́n ń gbé Bíbélì tàbí Kùránì lọ́wọ́ ní ojú gbogbo ayé, wọ́n sì ń lọ ṣe èyí tí ó wù wọ́n. Kì í ṣe àìsí ìbúra ni ó ń pa wá. Àwọn tí ń búra ni ìbúra kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn; àìkà á sí yìí sì ní ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Òkédìjí kan náà ni ó sún mọ́ ìdáhùn jù, nínú Atótó Arére tí ó jáde ní 1981. Lójú tiwa, òun ni ìwé olè tí ó jinlẹ̀ jù tí a ní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń dárúkọ Àjà Ló Lẹrù. Níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń lé olè ni a tẹ̀lé bí kò ṣe Àlàbá, ẹni tí ó di olè. A rí ilé tí ó dàrú lórí ọmọ, a rí bí kò ti sí ọwọ́ kan tí ó dì í mú, a sì rí i tí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí kò ti sí àbọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé yìí tán kò lè pariwo "Ẹ gbá a mú" tọkàntọkàn mọ́ láìkọ́kọ́ bèèrè pé, "Ta ni ó bí i, ta ni ó kọ́ ọ, ta ni ó jàǹfààní lára rẹ̀?" Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé náà kò sọ pé Àlàbá kò jẹ̀bi. Ohun tí ó sọ ni pé òun nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Láti mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ méjì yìí, orí ìjìnlẹ̀ ni ó gbà.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ìwé gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo ìwé tí a ti dárúkọ yìí, ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ́kọ́ gbúròó wọn. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń kà wọ́n níbẹ̀? Bí a bá yan ọ̀kan nínú wọn fún ìdánwò, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rí ìwé náà sójú rárá. Ìwé pélébé kan ni wọ́n ń rà, èyí tí a ti ká gbogbo ìtàn kúrú sí ojú ewé mẹ́wàá, pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò bá dé, pélébé pàápàá a máa pọ̀ jù fún àwọn mìíràn. Ìdáhùn ni wọ́n ń retí láti orí fóònù tàbí láti ojú pátákó. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Ọmọ kan jókòó láti sọ ohun tí ó rò nípa bí Lápàdé ti mú olè, ìdáhùn tí a jí gbé ni ó sì fi ń sọ ọ́! Kò sí òǹkọ̀wé àwàdà tí ó lè ro irú èyí. Ọmọ náà gba máàkì fún pé ó bá olè wí, olè ni ó sì fi gba máàkì náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ba ilé-ìwé jẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Òótọ́ ni pé ọwọ́ kan ni ẹ̀rọ̀ wọlé ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ: àwọn ọmọ tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní ọdún kan péré, àwọn olùkọ́ tí a kọ́ dáadáa kò sì lè tó. Òótọ́ sì ni pé nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní nǹkan bí 1975, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé pàdánù ojú tí ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n jíjí ìbéèrè ìdánwò ti wà kí àwọn nǹkan wọ̀nyí tó dé. Ní 1914 pàápàá, nígbà tí ọmọ ilé-ìwé gíga kò ju ìwọ̀nba lọ, ìbéèrè ìdánwò Cambridge jáde síta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nítorí náà, ìgbà àtijọ́ náà kì í ṣe ọgbà Édẹ́nì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nígbà náà ìtìjú ni, lónìí òwò ni.

Ọdún tí ó di òwò ni 1977, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò WAEC tàn ká ìgboro tó bẹ́ẹ̀ tí "ẹ̀kísípò" fi di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wa. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀. Ní 1984, àwọn ológun ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá ṣe magomágo ìdánwò. Òfin náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣe é gbé fún ọmọdé. Ní 1999 a sọ ọ́ di fífúyẹ́. Láti 2015, JAMB ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìdánwò tirẹ̀, ó sì ń fi ìtẹ̀ka mọ ẹni tí ó wọlé. Síbẹ̀ àwọn kan ń wá ọ̀nà láti fi ìka ẹlòmíràn wọlé. Láti orí ìbọn dé orí ẹ̀wọ̀n, láti orí ẹ̀wọ̀n dé orí ẹ̀rọ, ẹni tí ó gun àjà ni a ń lé kiri.

Ta wá ni ó gba epo sílẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní owó tí a fi ń ra ìdáhùn. Bàbá rẹ̀ ni ó fún un, tàbí ìyá rẹ̀, tí àwọn náà ń sọ̀rọ̀ kíkorò nípa àwọn olóṣèlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Kì í ṣe ọmọ náà ni ó gba owó lọ́wọ́ kíláàsì fún "ìtọ́jú" àwọn olùṣọ́ ìdánwò, olùkọ́ ni. Kì í ṣe ọmọ náà ni ó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé gbogbo ọmọ ilé-ìwé òun yege. Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ìlú sì ń lọ sí ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ ti yege, wọ́n ń sá fún èyí tí ìdajì ti yege pẹ̀lú òótọ́. Ọmọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó kọ́ pé òfin wà fún ojú ayé. Pé owó ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Pé ẹni tí ó bá ṣe òótọ́ yóò gbẹ̀yìn. Àti pé àgbà tí ń wàásù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba ní ogún ọdún sí i, tàbí bí ó bá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà tí ó ń fi orúkọ èké lu àwọn ará òkèèrè ní jìbìtì, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ni ó ń lò. Ẹ̀dùn mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe mẹ́ta. Ọ̀kan ni wọ́n, gbọ̀ngàn ìdánwò sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ìdánrawò rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Èkíní, wọn yóò ní òṣì ni ó fà á. Òṣì le, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ tí kò gba owó oṣù rẹ̀ déédéé ń ru ẹrù tí àwọn tí ń bá a wí kò gbé rí. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà púpọ̀ ni kò jalè, àwọn tí ó sì jí owó tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Èkejì, àwọn olùkọ́ kan ń sọ pé kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ ka ìwé bí ti Òkédìjí rárá, nítorí ó ń kọ́ wọn ní ọgbọ́n olè. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ń gbé Ìbàdàn tàbí Èkó ti mọ ọgbọ́n olè kí ó tó mọ Lápàdé. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ti ń fi òye wo olè, kí a sì rí gbogbo ọwọ́ tí ó wà nínú ọ̀ràn. Èyí ni ìwé dáadáa lè ṣe fún un, bí olùkọ́ rẹ̀ bá jẹ́ kí ó kà á.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ ka odidi ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kí ẹ kà á sókè, ìbáà ṣe ojú ewé márùn-ún lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó bá ti gbádùn Lápàdé fúnra rẹ̀ kò ní wá pélébé kiri. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fi ìbéèrè kan kún àwọn ìbéèrè yín nígbà gbogbo: nínú ìtàn yìí, ta ni ó gba epo sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a nínú ìwé Ṣẹ̀gilọlá, kí wọ́n wá a ní ààfin Jogbo, kí wọ́n sì wá a ní ilé Àlàbá. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n wá nínú ìwé, wọn yóò mọ̀ ọ́n wá ní ìlú. Ẹ̀kẹta ni ó le jù: ẹ bọ̀wọ̀ fún ọmọ tí ó fi òótọ́ fìdí rẹmi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rò pé òmùgọ̀ ni òun. Ẹ pè é, kí ẹ tún kọ́ ọ, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé máàkì tí ó gbà kéré, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé ẹ̀yin ni ẹ ba ayé jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ bá a. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àgbà kan tí ẹ bọ̀wọ̀ fún yóò na ìwé kékeré kan sí yín nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ní ọjọ́ náà, kì yóò sí Lápàdé lẹ́nu ọ̀nà, kì yóò sí ìlù tí yóò dún, ẹnikẹ́ni kì yóò sì mọ̀ bí ẹ bá gbà á. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má yege ní ọdún náà. A kò ní pa irọ́ fún yín nípa èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí ẹni tí yóò gba epo lọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní gun àjà.